Rúùfù Ìjàpá mi tí mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi ṣe rúùfù inú Ìjàpá yìí, ìyẹn aṣọ tó bo abẹ́ òrùlé ọkọ̀ Volkswagen Beetle mi, kò yọ gíláàsì kankan. Ó ní kò pọn dandan. Ó gé aṣọ, ó fi ìdí ṣíbí ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà gíláàsì, ó gbowó, ó lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú oòrùn tí aṣọ fi yọ jáde lókè gíláàsì ẹ̀yìn, tó ń kan orí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn. Kóńgò gọ́ọ̀mù tó gbàgbé sí bùútù iwájú ló tú àṣírí yòókù: gọ́ọ̀mù náà ṣàn bí omi ẹ̀kọ, ó sì ń rùn pẹtiróòlù. Ó ti bu pẹtiróòlù là á kó lè pọ̀. Irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹni, àmọ́ tí irin òrùlé bá ti gbóná lọ́sàn-án, ó parí.

Bí wọ́n ṣe ń to Ìjàpá láti iléeṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é nìyí, àtàwọn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975: aṣọ rúùfù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á ká etí rẹ̀ mọ́ ètè irin ojú fèrèsé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, kí rọ́bà àti gíláàsì tó wá fún un mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é láìyọ gíláàsì iwájú, ti ẹ̀yìn àti méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì ẹ̀yìn, ẹ má fún un níṣẹ́.

Nígbà tí mo tú u fúnra mi, mo lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ àwọn wáyà tó gbé aṣọ dúró, mo kọ nọ́ńbà sí i láti iwájú lọ sẹ́yìn, nítorí bí ọ̀kan ṣe tẹ̀ kọ́ ni èkejì ṣe tẹ̀. Mo fi sáńpépà họ ìpẹtà ara wọn, mo kùn wọ́n lọ́dà. Wáyà tó bá ti dógùn-ún á yọ àwọ̀ pupa jáde lára aṣọ funfun, kò sì sí ọṣẹ tó ń fọ ìyẹn. Yáàdì mẹ́ta aṣọ rọ́bà onihò wẹ́wẹ́ ló tó mi, ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ni gọ́ọ̀mù. Mo ra ojúlówó, èyí tí kì í bẹ̀rù ooru. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára irin, mo pa á sára aṣọ náà, mo dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó gbà. Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án tí kò fà mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́, ó ti tó lẹ̀. Àmọ́ òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Ojú gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i. Ìrì inú afẹ́fẹ́ ló bà lé e bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ. Mo tẹ aṣọ mọ́ ọn, ó ṣí kúrò bí ìwé.

Mo ní láti fi tínà nu gbogbo ẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kejì, òjò. Ọjọ́ kẹta, òjò. Ọkọ̀ dúró láìní gíláàsì, tapólì ni mo fi bò ó, tí mo ń jí lóru lọ wò ó. Ká ní mo mọ̀ ni, oṣù January ni ǹ bá ti ṣe é.

Nígbà tí oòrùn yọ, mo tẹ́ aṣọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè rọ̀. Mo ki àwọn wáyà bọ inú rẹ̀, mo gbé wọn kọ́. Àárín ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ lẹ̀, mo fà á le dé àárín iwájú, lẹ́yìn náà ni mo wá ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, tí mo ń fi ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn há a. Mi ò gé ojú fèrèsé títí gbogbo ẹ̀ fi le bí awọ ìlù. Kí aṣọ tó tutù ló ti nà gbọnrangandan! Ẹni tó ń kọjá bi mí pé ta ló bá mi ṣe é.

Gíláàsì: ẹ ki okùn sínú kòtò rọ́bà yípo, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹnì kan máa tẹ gíláàsì láti ìta, kí ẹ̀yin máa fa okùn láti inú. Rọ́bà á fò bọ́ sórí ètè irin fúnra ẹ̀.

Síìtì kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Òwú pólísítà ni kí wọ́n fi rán an. Òwú kọ́tìnnì máa ń jẹrà. Àmọ́ bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn. Ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀ dáadáa, torí tí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríìnì lè kan án, kí iná sì sọ. Ẹ gbé bátìrì náà sókè kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì: ihò tó gba àwo ọbẹ̀ ni mo bá lábẹ́ tèmi, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ló bá mi jó irin tuntun mọ́ ọn.

Ìfunjọ kan ṣì wà ní igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí i. Mi ò tún ní í yọ gíláàsì nítorí ẹ̀.