Àwọn Àṣìṣe Tó Máa Ń Mú Kí DM Dá Idán Tí Kò Jẹ̀bi Lẹ́bi

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tó ń ṣe wizard, ìyẹn oṣó tó ń pidán, nínú eré orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons dé ìpele karùn-ún, ó ju Fireball, idán bọ́ọ̀lù iná, sáàárín goblin mẹ́jọ, àwọn ọ̀tá kéékèèké, gbogbo wọn sì jóná kí ẹnikẹ́ni tó fa idà yọ. DM, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, tó ti rò pé ìjà yẹn á gbà wọ́n tó wákàtí kan lejú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kéde pé idán yẹn kò gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì òun mọ́.

Fireball lágbára lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìwé ìtọ́sọ́nà DM tó jáde lọ́dún 2014 ṣètò iye ìpalára tó yẹ kí idán tuntun máa ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan (ìpele idán yàtọ̀ sí ìpele ẹni tó ń ṣe é): idán ìpele kẹta tó ń kan ọ̀pọ̀ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà, 6d6, ìyẹn dáìsì mẹ́fà olójú mẹ́fà, ni wọ́n kọ fún un. 8d6 ni Fireball ń ṣe, iye tí wọ́n kọ fún ìpele karùn-ún. Àwọn tó ṣe eré náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òkìkí tí idán náà ti ní láti ọjọ́ pípẹ́.

Àmọ́ ẹ ṣírò ó wò. 8d6 máa ń fún wa ní nǹkan bí 28. Nínú òfin 2014, HP goblin kan, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, kò ju 7 lọ, nítorí náà èyí tó yege nínú saving throw, dáìsì tí ẹni tí wọ́n kọlù ń jù láti yẹra, pàápàá máa jẹ ìdajì, 14, yóò sì kú. Ẹ wá gbé ogre, ọ̀tá òmìrán, síbẹ̀. Nínú òfin 2014 yẹn, HP rẹ̀ jẹ́ 59. Fireball méjì, tí ogre náà kò yege nínú ìkankan, yóò ṣe nǹkan bí 56: ogre ṣì dúró, slot ìpele kẹta méjèèjì, ìyẹn àyè tí wọ́n ń ná láti fi ṣe idán, tí wizard ìpele karùn-ún ní sì ti tán. Fighter, ìyẹn jagunjagun, tí wọ́n jọ wà ní ìpele kan náà, tó mú greatsword, idà ńlá, tí Strength (agbára) rẹ̀ fún un ní +4, ń ṣe nǹkan bí 22 bí ìkọlù rẹ̀ méjèèjì bá wọlé, àtàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ná slot kankan. Àwọn goblin mẹ́jọ tó dúró gbá jọ lójú kan ni wọ́n fún Fireball lógo, DM ló sì kó wọn jọ.

Àṣìṣe tó ń tẹ̀ lé e tan mọ́ èyí: ìjà kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Ìwé 2014 yẹn kan náà fi ojú sí ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí kò rọrùn tí kò sì le pa, láàárín ìsinmi gígùn kan sí èkejì. Tábìlì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ta ló ráyè? Ṣùgbọ́n bí wizard bá ti mọ̀ pé ìjà kan ló wà lónìí, kí ló máa fi slot pa mọ́ fún? Gbogbo idán ni yóò dà bí èyí tó lágbára jù. Kí DM tó kan idán lábùkù, kó kọ́kọ́ wo iye ìjà tó wà láàárín oorun méjì.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kíka dáìsì. Idán tó ń ba eré jẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ní dáìsì kankan nínú. Ẹ wo Wall of Force, idán tó ń mọ ògiri, ìpele karùn-ún: kò sí saving throw, ìpalára kò ràn án, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń dúró. Wọ́n á fi gé àwọn ọ̀tá sí méjì, wọ́n á pa apá kan tán, wọ́n á wá yíjú sí èkejì. Síbẹ̀, concentration ni, ìyẹn pé ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ máa fọkàn sí i kó tó lè wà: bí ọfà kan bá ba wizard náà, ó ní láti yege nínú save kí ògiri náà má wó. Forcecage, ìpele keje, tiẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé 2014, wákàtí kan ni, kò béèrè concentration, Dispel Magic, idán tó ń tú idán mìíràn, kò sì lè tú u. Ẹranko ńlá tí kò mọ bí a ṣe ń pòórá ti wọ àhámọ́ nìyẹn, DM tó ṣe é á kàn káwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n tún àwọn òfin kọ lọ́dún 2024, wọ́n fi concentration sí i. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi idán kan nìyí: ẹni tí wọ́n ṣe é sí, kí ló ṣì lè ṣe? Ẹni tí iná jó ṣì lè dá idà padà. Ẹni tó wà nínú Forcecage ńkọ́?

Àwọn mìíràn máa ń ka idán bí ẹni pé ojú ogun nìkan ni wọ́n á ti lò ó. Nígbà tí Healing Spirit, idán tó ń pe ẹ̀mí ìwòsàn, jáde lọ́dún 2017, lójú ẹni tó sáré kà á, kò ju báyìí lọ: idán ìpele kejì, ẹni tó bá wọ àyè rẹ̀ gba 1d6 HP padà. Nínú òfin 2014, Cure Wounds, idán ìwòsàn mìíràn, tí wọ́n fi slot ìpele kejì ṣe ń dá 2d8, dáìsì méjì olójú mẹ́jọ, padà pẹ̀lú àlékún. Ta ni kò ní mú Cure Wounds? Àmọ́ ìṣẹ́jú kan gbáko, ìyẹn ráùn mẹ́wàá, ni Healing Spirit fi ń wà níbẹ̀. Ìjà parí, àwọn mẹ́rin tò, wọ́n ń gba inú ẹ̀mí náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí po bí ẹni ń jó lágbo. 1d6 lọ́nà mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí HP 35. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 140. Slot kan! Lọ́dún 2020 wọ́n tún un kọ, pé iye ìgbà tó lè woni sàn jẹ́ 1 pẹ̀lú modifier (àlékún) ẹni tó ṣe é, kó má sì dín sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ní +4 yóò rí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nǹkan bí HP 17 lápapọ̀. Ìyẹn ṣeé gbà.

Ẹ má ṣe dá idán lẹ́bi ohun tí àdàpọ̀ ṣe. Goodberry ń so èso mẹ́wàá, HP kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ṣe é bá tún jẹ́ cleric Life, àlùfáà tó ń woni sàn, òfin 2014 sọ èso kọ̀ọ̀kan di HP mẹ́rin, ogójì lápapọ̀, pẹ̀lú slot ìpele kìíní. Bí èyí bá ń dà yín láàmú, àdàpọ̀ yẹn ni kí ẹ tú, kí druid, àlùfáà ìṣẹ̀dá, tó ń dá lò ó jẹ́jẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Knock, idán tó ń ṣí ilẹ̀kùn, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rogue, ẹni tó mọ bí a ṣe ń fọgbọ́n ṣí àgádágodo. Rárá o. Ariwo Knock ń dé ibi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 300, rogue sì ń ṣí ilẹ̀kùn láìsí ẹni tó gbọ́.

Sleep ti 2014 ńkọ́? Ní ìpele kìíní, 5d8 rẹ̀, nǹkan bí 22, máa ń kó goblin mẹ́ta sùn láìsí save. Tí ẹ bá dé ìpele kẹjọ, kò sí ẹni tó máa rántí rẹ̀ mọ́. Ẹ ní sùúrù fún un.

Bó bá wá dájú pé idán kan ń da eré rú, ẹ má ṣe yí i padà láàárín ìjà, ẹ má sì fi ìbínú kó ọ̀tá tó ń ṣe Counterspell, idán tó ń ba idán ẹlòmíràn jẹ́, dé lójoojúmọ́. Ẹni tó yàn án á mọ̀ pé òun lẹ ń bá jà. Ẹ pè é lẹ́yìn eré. Ẹ fi concentration sí i, tàbí kí ẹ gé àkókò rẹ̀ kúrú. Bí èyí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn ní ìpele kan náà, kí ẹ sì dá wúrà tó fi kọ ọ́ sínú ìwé idán rẹ̀ padà fún un: 50 fún ìpele kọ̀ọ̀kan.