Ojú ara tó ń yún léraléra, tí àyẹ̀wò ò sọ nǹkan pàtó: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀

Lórí ìwé àyẹ̀wò mi kejì, "few pus cells" àti "mixed growth" ni wọ́n kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ọyún díẹ̀ ni wọ́n rí, oríṣiríṣi kòkòrò ló sì jọ hù, kò sì sí èyí tí wọ́n lè nàka sí. Irú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń mú lọ ra antibáyọ́tíìkì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Kòkòrò rere kan, lactobacillus, ló ń ṣọ́ ojú ara. Òun ló ń mú kí omi ibẹ̀ kan díẹ̀, pH (ìwọ̀n kíkan; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó) 3.8 sí 4.5. Bí antibáyọ́tíìkì bá pa á, Candida, kòkòrò irú olú (fungus) tó ń mú ojú ara yún, á ráyè gbilẹ̀, yíyún á tún padà dé.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò fi oògùn kankan kan ibẹ̀. Mo pa ọṣẹ olóòórùn tì, àti omi gbígbóná tí a ń po oògùn apakòkòrò sí, àti álọ́ọ̀mù, àti pádì pẹlẹbẹ ojoojúmọ́. Omi lásán ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, lórí awọ ìta nìkan. Inú kì í gba fífọ̀, ó ń fọ ara rẹ̀. Pátá òwú ni mo ń wọ̀, omi mẹ́ta ni mo sì fi ń ṣàn án kí ọṣẹ tó tán lára rẹ̀. Fasilíìnì díẹ̀ lórí awọ ìta máa ń rọ títa lójú, àmọ́ kí ẹni tó ń lo kọ́ńdọ̀mù ṣọ́ra: epo rẹ̀ ń ba rọ́bà jẹ́.

Ìwé kékeré kan ló wúlò jù. Lálaalẹ́ ni mo ń kọ ọjọ́ tí mo wà láti ìgbà nǹkan oṣù, bóyá ó ń yún tàbí ó ń ta, bóyá inú ni tàbí awọ ìta, àti ohun tí mo lò lọ́jọ́ náà. Ti Candida sábà máa ń le ṣáájú nǹkan oṣù. Òórùn bí ẹja lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ń tọ́ka sí ohun mìíràn tí kì í ṣe Candida, pH ojú ara sì máa ń ju 4.5 lọ nígbà náà.

Kí n tó padà sí láàbù, mo dúró kí nǹkan oṣù tán, torí ẹ̀jẹ̀ àti àtọ̀ ń gbé pH sókè. Kò sí ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tó ń yún mi gan-an ni mo lọ. Mo ní kí wọ́n wọn pH, kí wọ́n gbin Candida kí wọ́n sì dárúkọ irú rẹ̀, torí fluconazole, oògùn Candida tó wọ́pọ̀, kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa lórí irú kan tó ń jẹ́ glabrata. Mo ní kí wọ́n fi àyẹ̀wò NAAT, tó ń wá àbùdá (DNA tàbí RNA) kòkòrò, wá trichomonas, kòkòrò kan tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, torí awò amúǹkan-tóbi máa ń fò ó. Mo yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú.

Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ìwé mi ló fi hàn pé awọ ìta ni, ọjọ́ kejì tí mo bá ti lo pádì nǹkan oṣù. Dọ́kítà tan iná wo awọ náà, ó kọ ìpara hydrocortisone 1%, tó ń rọ awọ tó ń yún lójú, fún ọjọ́ díẹ̀, mo sì pààrọ̀ pádì sí aṣọ òwú.

Bí awọ bá funfun tó sì fẹ́lẹ́, bí egbò bá yọ, bí inú ìsàlẹ̀ bá ń dùn tàbí ibà bá dé, tàbí bí oyún bá wà, ẹ má dúró kọ ìwé kankan. Ẹ lọ rí dọ́kítà lọ́jọ́ náà.