Ẹ má pe fújì ní ariwo kẹ́ ẹ wá pe ìjálá ní iṣẹ́ ọnà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àṣìṣe yìí ti pọ̀ jù láàárín wa. A máa gbọ́ ìjálá, a ní iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn, a máa gbọ́ fújì nínú mọ́tò, a ní ariwo ọmọ ìta ni.

Ẹ má fi ibi tí wọ́n ti ń ṣeré mọ bó ṣe níyì tó. Lọ́dún 1826 tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eégún aláré ṣeré fún un lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n di òjòlá tó ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n tún gbé òyìnbó jáde, funfun báláú, wọ́n ń sín in jẹ, èrò ń rẹ́rìn-ín. Iwájú ọba nìyẹn o! Irú eléré yìí náà ló ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, tí wọ́n ń pè ní alárìnjó. Ṣé eré ọ̀hún wá di yẹpẹrẹ torí pé ó dé ọjà ni?

Ẹ má sì rò pé ohun tó bá ti wọ àwo orin ti bàjẹ́. Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ìjálá ọdẹ ló gbé sórí àwo, ẹni tí ò di ìbọn rí náà sì ń gbọ́ ọ. Nídìí ẹmu lọdẹ ti ń sun ìjálá kí yunifásítì tó máa kọ́ ọ ní kíláàsì. Fújì tí ẹ ń bú yẹn ńkọ́, inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn fún sààrì ló ti jáde, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ gángan inú ẹ̀, oríkì ló ń kì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti igbá. Mo jókòó ti bàbá afingbá kan l'Ọ̀yọ́, ọ̀bẹ kékeré ló mú dání, kò fi nǹkan kan yàwòrán sílẹ̀, ó kàn ń fín in lọ, ẹyẹ jáde, ewé jáde, ìlà ò wọ́ rárá. Obìnrin kan dé, ó ní igbá lásán, kí wọ́n gba ìlàjì owó. Igbá yẹn náà o, tó bá wà nínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù, fọ́tò ló máa máa yà níwájú ẹ̀. Bàbá ò dáhùn, ó fẹ́ èérún kúrò lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ná an bí ẹni ń ná ata, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó fín in, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sídìí igbá.