Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi NMR wo ìsopọ̀ náítírójìn àti flúórìn

Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ NMR (èyí tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò yẹ àárín átọ́ọ̀mù wò) wo flúórìn inú NF₃, ìyẹn náítírójìn kan tó so mọ́ flúórìn mẹ́ta, ìlà mẹ́ta lẹ ó rí ní nǹkan bí 145 ppm (ppm ni òṣùwọ̀n ibi tí ìlà wà). Ẹ má kánjú pè é ní èròjà mẹ́ta tó dàpọ̀. Náítírójìn-14, tó ju 99 lọ nínú gbogbo 100 átọ́ọ̀mù náítírójìn, ní spin 1 (spin ni ìwà òòfà àárín átọ́ọ̀mù): ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà dúró nínú agbára òòfà, ìkọ̀ọ̀kan sì ń ti ìlà flúórìn sí ibi ọ̀tọ̀. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ṣùgbọ́n àyè abẹ́ ìlà ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe gíga, torí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ máa ń fẹ̀ ju ti àárín lọ.

Ẹ má sì mú un tutù nítorí kí ìlà lè mọ́ sí i. Nínú òtútù, mólékù a máa yí lọ́ra, náítírójìn a sì máa pààrọ̀ ìdúró kíákíá, títí ìlà mẹ́ta yóò fi wọnú ara wọn di ẹyọ kan. Ìsopọ̀ kò já o.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kíka agbára ìsopọ̀ tààrà lára ìlà, torí ó máa ń jọ ọgbọ́n. Ìlà NF₄⁺ mú ṣáṣá, J rẹ̀ (àlàfo láàárín ìlà kan àti èyí tó tẹ̀lé e) sì tó 230 Hz, nígbà tí ti NF₃ kò ju nǹkan bí 155 lọ. Ìrísí ló mú ìlà náà mú: flúórìn mẹ́rin yí náítírójìn ká lọ́gbọọgba, kò sí ìfà iná tó tẹ̀ síbì kan. Ní ti J, NF₃ ní ẹlẹ́kítírọ́nù méjì lórí náítírójìn tí kò so mọ́ nǹkan kan, NF₄⁺ kò ní. Ìyẹn nìkan ti tó láti yí J padà. Ppm náà ń tanni. Flúórìn inú HF (háídírójìn àti flúórìn) kó ẹlẹ́kítírọ́nù jọ ju ti ClF (klórínì àti flúórìn) lọ, síbẹ̀ HF wà ní nǹkan bí −200, ClF ní nǹkan bí −440. Àlàfo agbára láàárín orbital (àyè tí ẹlẹ́kítírọ́nù ń gbé) tó kún àti èyí tó ṣófo wà lára ohun tó ń pinnu rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bí ìwé kan bá lo náítírójìn-15, J rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ju ti náítírójìn-14 lọ, àmì rẹ̀ (rere tàbí òdì) sì yí padà. Ní ti ppm, nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, −145 ni wọ́n kọ fún NF₃ kan náà, torí òdìkejì ni wọ́n ń ka àmì nígbà yẹn.

N₂F₄ ń pín sí NF₂ méjì tó ní ẹlẹ́kítírọ́nù adánìkanwà, ìyẹn ló ń sọ ìlà rẹ̀ di fífẹ̀. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ acetone tàbí irú rẹ̀ láé: ó lè bú gbàmù.