₦31,000 Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Kan Ṣoṣo

₦6,000 ni wọ́n dá lé mi láti gba ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kí n tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà, ₦31,000 ti jáde lápò mi, wọ́n sì tún ba téèpù náà jẹ́. Ètò rédíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mò ń ṣe lórí iṣẹ́ olóògbé Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá ti Radio Nigeria, tí wọ́n jáde láyé ní 1990. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbé jáde láìsí ohùn wọn nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí pápá, nítorí náà àwọn orúkọ tí Okonkwo fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń ṣe iṣẹ́ ojú fún un. Christian Chukwu tó jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà di Chairman, Adokie Amiesimaka tó kọ́ ìmọ̀ òfin di Chief Justice, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì di Mathematical. Àwọn èèyàn ń pe Ọdẹ́gbàmí bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bí mo ṣe kọ ètò náà kò gba àlàyé. Kásẹ́ẹ̀tì ni wàhálà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Sùúrùlérè láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, bàbá mi gba ohùn Okonkwo lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sílẹ̀ láti orí rédíò ní pálọ̀ wa n'Ìbàdàn.

Nígbà tí mo fi fláàṣì tí wọ́n fún mi sí kọ̀ǹpútà, ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn: ó nípọn, ó sì ń wọ́ nílẹ̀. Mo padà lọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe máa ń dún nìyẹn," ó sì gba ₦10,000 fún àtúnṣe. Kò sí ohun tó yí padà.

Inú bí mi débi pé mo lọ jókòó ti aago. Ìṣẹ́jú kejì ni Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, ó sì gbá èkejì ní ìṣẹ́jú 42, nítorí náà ìṣẹ́jú 40 ló yẹ kó wà láàárín igbe méjèèjì. Nínú fláàṣì wọn, ìṣẹ́jú 46 ni. Mo gbé ẹ̀rí yìí lọ bá wọn pẹ̀lú ìgboyà, mo sì gbà pé orí mi pé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ₦15,000 sí i, wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀rọ sì gbé téèpù mì lójú mi. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó ti runjọ bí ewé gbígbẹ, wọ́n sì ní láti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ògùnpa ló gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ní rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà ti fẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tuntun sí rédíò tèmi fún ₦4,000. Mo fi pẹ́ńsùlù yí téèpù náà kó le, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Okonkwo sì tú jáde, ó yá, ó mọ́, igbe kejì sì bọ́ sí ìṣẹ́jú 42 géérégé. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ, kí n sì ti fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe pàtàkì dán ẹ̀rọ àwọn tọ̀hún wò.

Ibi tí wọ́n gé kò gùn ju apá èèyàn lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìṣẹ́jú 50 ni, níbi tí Múdà Lawal ti gbá góòlù kẹta sáwọ̀n. Nínú ètò mi, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́.