Ṣé pléètì nọ́ńbà àtijọ́ ṣì bófin mu ní Ìlú Ọba?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, tó sì ń wá ọkọ̀ àlòkù rà, á tètè rí i pé pléètì nọ́ńbà ara ọkọ̀ kò jọra. Òmíràn ní ìràwọ̀ Yúróòpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òmíràn ní ìlà aláwọ̀ ewé, lẹ́tà òmíràn ní òjìji àwọ̀ eérú. Ìgbà mìíràn ẹ ó rí èyí tó dúdú kirikiri, tí wọ́n fi funfun kọ lẹ́tà sí. Ìbéèrè tí àwọn àbúrò máa ń bi mí nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, pléètì ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà ti pẹ́ gan-an, ṣé ọlọ́pàá ò ní dá mi dúró?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára pléètì. Nọ́ńbà ni lẹ́tà àti fígọ̀ tí DVLA, àjọ ìjọba tó wà ní Swansea, fún ọkọ̀. Kì í gbó. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ fi lẹ́tà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, tí fígọ̀ sì tẹ̀ lé e, láàárín 1983 sí 2001 ni irú rẹ̀ jáde, ó sì bófin mu títí di òní. Láti oṣù September 2001 ni ti ìsinsìnyí ti bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà méjì, fígọ̀ méjì, lẹ́tà mẹ́ta. Fígọ̀ méjì yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí ọkọ̀. 19 túmọ̀ sí pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti March 2019. 69 sì jẹ́ ti September ọdún kan náà. Òfin gbà kí ọkọ̀ tuntun gbé nọ́ńbà àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà tuntun sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọmọdé.

Pléètì ní tirẹ̀ ni ike tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, funfun níwájú, yẹ́lò lẹ́yìn. Òun ni òfin rẹ̀ máa ń yí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ àmì ìlànà tí wọ́n fi ṣe pléètì náà sí. Bí ẹ bá rí BS AU 145d, ti àtijọ́ ni. BS AU 145e ni gbogbo èyí tí wọ́n bá fi sára ọkọ̀ láti September 1, 2021 gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí tó bófin mu nígbà tí wọ́n fi í sára ọkọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ṣì bófin mu. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ yọ ọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣìṣe ni ọjọ́ tí pléètì àtijọ́ bá fọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Òfin tòní ni ti tuntun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ogún ọdún: lẹ́tà dúdú kan náà látòkè délẹ̀, láìsí òjìji, kí ó ga ní mìlímítà 79, kí àlàfo tó wà láàárín fígọ̀ méjì àti lẹ́tà mẹ́ta ìparí sì jẹ́ mìlímítà 33. Àbúrò kan tí mo mọ̀ ra tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí kò bèèrè ìwé kankan. Wọ́n ti fún lẹ́tà pọ̀ kó lè dà bí orúkọ. Ọkọ̀ náà kùnà nínú MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí ọkọ̀ ń ṣe, ó sì ní láti tún owó san fún òmíràn. Ó dùn mí, nítorí ìtanràn lórí irú rẹ̀ lè tó £1,000, òun tó ń wa ọkọ̀ ni yóò sì san án. Ọ̀dọ̀ ẹni tí DVLA forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á bèèrè ìwé ìdánimọ̀ yín àti ìwé ọkọ̀ V5C.

Pléètì dúdú ńkọ́? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú January 1, 1980 nìkan ló tọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìsọ̀rí owó orí àwọn ọkọ̀ onítàn lọ́dọ̀ DVLA. Ìlà aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ọkọ̀ tí kì í tú èéfín rárá, kò sì pọn dandan.

Ó ku ti ìràwọ̀ Yúróòpù. Bí ẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí Faransé tàbí Jámánì, ìràwọ̀ yẹn kò tó mọ́, àmì orílẹ̀-èdè GB náà kò sì wúlò mọ́ láti September 28, 2021. Ẹ ra sítíkà UK, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ní Sípéènì, Cyprus àti Malta, ó di dandan kódà bí UK bá ti wà lórí pléètì yín. Tó bá jẹ́ Ireland lẹ ń lọ, ẹ ò nílò rẹ̀.