Bí Apá Òkè Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Yẹra fún Sátẹ́láìtì Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tú Sílẹ̀

Nígbà tí sátẹ́láìtì bá kúrò lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, òun àti apá òkè, ìyẹn ìpele tó kẹ́yìn nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e, ṣì jọ ń sáré lójú ọ̀nà kan náà, ní nǹkan bíi kìlómítà 7.6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọn yóò ṣe pínyà kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra rárá.

Ẹ má ṣe kánjú tú u sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a pa ṣì máa ń tì díẹ̀ nítorí epo tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ló mú kí ìpele kìíní rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 1 lé ìpele kejì bá, tó sì kọlù ú, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Wọ́n fi kún àkókò ìdúró, ìrìnàjò tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án sì yọrí sí rere.

Sípíríǹgì ni kó kọ́kọ́ ti sátẹ́láìtì jìnnà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí a bá tètè tan àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké, gáàsì wọn lè ba ojú kámẹ́rà àti pátákó tó ń gba ìtànṣán oòrùn jẹ́.

Ibi tí a ó kọjú sí ló ṣòro jù. Bí a bá ti apá òkè sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, ọ̀nà àwọn méjèèjì yóò tún pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa ìjánu, tí eré rẹ̀ dín ní mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní gíga kìlómítà 500, yóò fi nǹkan bíi kìlómítà 17 ṣíwájú sátẹ́láìtì nígbà tó bá yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó dín eré ló ń ṣíwájú, nítorí ó rẹlẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú. Bí ó bá wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, abẹ́ sátẹ́láìtì ni yóò gbà kọjá, nítorí náà ẹ ṣírò ìkọjá yẹn dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú epo àti gáàsì tó kù dànù, kí bátìrì náà sì tán. Ìpele rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane tó gbé sátẹ́láìtì SPOT 1 lọ ní ọdún 1986 bú gbàmù ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ègé rẹ̀ kan sì gbá sátẹ́láìtì Cerise ní ọdún 1996. Ìtúdànù pàápàá máa ń ti apá òkè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ihò rẹ̀ kọjú sí òdìkejì ara wọn, kí títì wọn lè pa ara wọn rẹ́.